Orúkọ Tí Mo Kọ Sórí Orin Ìkórè

Títí dòní, tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ọ̀gá akọrin yẹn níwájú mi, ìbínú mi á tún jí. Mo ti dárí jì í nínú àdúrà, ó tó ìgbà mẹ́wàá. Kò ràn án.

Ìkẹ́nnẹ́ ni, ọdún kejì tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba fún alágbádá. Bàbá àgbà mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní ìwé orin kan tí wọ́n rà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun l'Ékòó nígbà ọ̀dọ́ wọn. Orin Amẹ́ríkà àtijọ́ ni, irú èyí tí ọwọ́ òsì máa ń rìn jẹ́jẹ́ lórí dùùrù, tí ọwọ́ ọ̀tún á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Àwọn òyìnbó tó tẹ̀ ẹ́ ya aláwọ̀ dúdú kan sí èèpo rẹ̀, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí igbá. Bàbá fi bébà kàlẹ́ńdà bo àwòrán náà, wọ́n ṣí ibi orúkọ ẹni tó ṣe orin náà sílẹ̀.

“Aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ló ṣe orin yìí,” ni wọ́n máa ń wí. “Wọ́n fi ojú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, wọn ò lè yọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́, kó kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tó ni ín.”

Àwọn ló kọ́ mi ní nọ́ọ̀tì. Gbogbo Sátidé ni wọ́n máa ń pè mí kí n tẹ orin náà fún wọn lórí dùùrù tó wà nílé.

Nígbà tí ìkórè ń bọ̀, ọ̀gá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa bẹ̀ mí pé kí n tú orin náà sí dò-rè-mí, torí dò-rè-mí nìkan lòun àti akọrin ń kà. Òun á wá fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i. Bàbá ní àwọn gbà, bí ó bá máa ka orúkọ aláwọ̀ dúdú náà sétí ìjọ. Ọ̀gá akọrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ má ṣèyọnu, sà. Èmi fúnra mi ni mo máa kà á.”

Mo tú u tán, mo dà á kọ sí bébà fún akọrin. Ọ̀gá akọrin ní kí n kọ orúkọ òun sókè bébà kọ̀ọ̀kan, kí akọrin lè mọ ẹni tí wọ́n máa dá a padà fún.

“Orúkọ ẹni tó ni orin ńkọ́, sà?”

“Ẹnu ni mo máa fi kà á.”

Mo kọ orúkọ ọ̀gá akọrin sókè ogún bébà, tayọ̀tayọ̀.

Lọ́jọ́ ìkórè, orin náà dùn débi pé àwọn ìyá ìjọ jó dé iwájú pẹpẹ. Àlùfáà gba bébà kan lọ́wọ́ akọrin, ó wo òkè rẹ̀. “Ẹ bá wa kí ọ̀gá akọrin wa tó ṣe orin tuntun yìí fún Ọlọ́run!” Mo rò pé ọ̀gá akọrin á dárúkọ ẹni tó ni orin. Ó tẹrí ba, ó juwọ́ síjọ. Ó juwọ́ o! Olè ojú ọ̀sán! Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà lóòótọ́.

Nígbà tí a délé, Bàbá na bébà kan sí mi.

“Ọwọ́ ta ló kọ orúkọ yìí?”

“Ọwọ́ mi ni, sà.”

Mo sunkún, mo ṣàlàyé títí. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n gbé ìwé orin náà sínú àpótí, wọ́n tì í. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo jókòó ti dùùrù, mò ń retí kí wọ́n pè mí. Wọn ò pè mí mọ́ títí wọ́n fi kú.