Aṣọ Tí Bàbá Mi Dín Kù fún Fọ́tò Wa

Àwa mẹ́rin ni ìyá mi bí, ṣùgbọ́n a kò ní fọ́tò kan ṣoṣo tí gbogbo wa pé sí. Kí wọ́n tó bí àbíkẹ́yìn wa, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó jẹ́ àkọ́bí ti lọ sílùú òyìnbó. Nígbà tó wá pè pé òun ń bọ̀ wá lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé, ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún un ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ Àìkú tẹ́ ẹ bá dé, a máa ya fọ́tò o."

Òun àti gbogbo ará ilé ló gbà. Ìyá mi nìkan ni kò gbà.

Ó ti ju ọdún kan lọ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú. Ọlọ́run ṣàánú wa, ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ó sì tún ti ń bá wa jà nítorí iyọ̀ inú ọbẹ̀. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ wọ́ díẹ̀ sápá òsì, ó sì ti rù gan-an. Láti ìgbà náà ni kì í ti í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé fóònù sókè níwájú òun. Bí wọ́n bá ń ya fọ́tò níbi ìsọmọlórúkọ nínú agboolé wa ní Ẹnu Ọ̀wá, á fa ìborùn bo ẹnu, á ní òtútù ń mú òun.

"Ẹ máa yà á," ló sọ fún wa. "Èmi á jókòó, màá máa wò yín."

"Mọ́mì, irú fọ́tò wo la fẹ́ yà tí ẹ̀yin ò ní sí níbẹ̀?"

"Èyí tí mo yà nígbà tí mo lọ Mẹ́kà ńkọ́? Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ṣebí kọ̀ǹpútà lè ṣe é."

Mo wo bàbá mi pé kó dá sí i. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló ń wò. Télọ̀ ni bàbá mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ránṣọ ní ìsọ̀ kékeré kan ní Ìdúmọ̀tà kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Látìgbà tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ là ń kó abọ́ lé.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo yà sọ́dọ̀ àwọn òbí mi bí mo ṣe ń tibi iṣẹ́ bọ̀. Mo bá gbogbo abọ́ nílẹ̀. Bàbá mi jókòó sídìí ẹ̀rọ, léèsì aláwọ̀ ewé tí ìyá mi wọ̀ nígbà ìgbéyàwó àbúrò mi wà lórí itan rẹ̀. Ìyá mi kò wọ̀ ọ́ mọ́, torí ó ti fẹ̀ jù fún un.

"O ṣeun tó o dé," ni bàbá mi wí. "Bá mi ti òwú bọ abẹ́rẹ́ yìí."

Mo bá a ti òwú bọ̀ ọ́. Ló bá pe ìyá mi. "Wá, kí n wọ̀n ọ́."

"Kí lẹ fẹ́ wọ̀n lára egungun?"

"Ṣáà wá ná."

Ó dìde, ó dúró síwájú rẹ̀. Bàbá mi fa téèpù sí èjìká rẹ̀, ó fà á yí àyà rẹ̀ ká, kò kọ ohunkóhun sílẹ̀. Nígbà tó kan ọrùn, ó dúró, ó ń wo ojú rẹ̀. Ìyá mi gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ojú yìí ni mò ń rí láràárọ̀," ni bàbá mi wí. "Kò sóhun tó ṣe é."

"Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ò ríran!"

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ tí ìyá mi rẹ́rìn-ín báyẹn.

Apá kan wọ́ nígbà tí bàbá mi kọ́kọ́ dín aṣọ náà kù, ló bá tú u, ó tún un rán. Lálẹ́ Ọjọ́ Jímọ̀, ẹ̀gbọ́n mi dé. Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi wọ aṣọ náà, ó wo dígí títí. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ta ló máa bá mi wé gèlè lọ́la?"

Mi ò jẹ́ kó tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Mo ní èmi ni.

Ọmọbìnrin kan ló wá yà wá ní ọjọ́ Àìkú. Ó tò wá sí àgbàlá, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìyá mi. "Màmá, ẹ yíjú sósì díẹ̀, kò ní hàn."

Ìyá mi kọjú sí i tààrà.

"Jẹ́ kó hàn, ọmọ mi," ló wí. "Bó ṣe wà nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n mi ń nu ojú. Ọmọbìnrin náà yà wá bí ìgbà mẹ́wàá, ó ní ó ti tó. A dìde, a ń kó àga wọlé, ṣùgbọ́n ìyá mi kò kúrò lórí àga tirẹ̀.

"Níbo lò ń sáré lọ?" ló bi ọmọbìnrin náà. "Ó ku kó o ya èmi nìkan."