Ọwọ́ Bàbá àti Irin Ìwọ̀n Mi

Òórùn àbóníkí àti ti òróró ìbọn ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn bó bá ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Cambria Heights, nílùú òyìnbó. Mi ò tíì rí ibòmíràn tí òórùn méjèèjì ti jọ ń gbé. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, lókè níbi tí ògiri ti fẹ́ parí. Ní ìgbà ìwọ́wé, oòrùn ìrọ̀lẹ́ á gba ibẹ̀ wọlé, á dúbúlẹ̀ sórí àwọn èèpo idẹ ọta ìbọn tí wọ́n tò sórí tábìlì, gbogbo rẹ̀ á wá dà bí àgbàdo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Ó lè jẹ́ pé ìrántí ló fi kún ìmọ́lẹ̀ náà. Mi ò ní búra.

Nọ́ọ̀sì ni Bàbá, bí mo ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ ọdẹ sì ni wọ́n, láti ìlú kékeré kan lẹ́yìn Abẹ́òkúta. Ìwé àṣẹ wọn pé, wọ́n máa ń bá ẹgbẹ́ kan yìnbọn sí àmì lẹ́yìn ìlú, wọ́n sì máa ń di ọta wọn fúnra wọn: ẹ̀tù sínú èèpo idẹ, orí ọta lé e lẹ́nu, irin ìtẹ̀ á sì tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ibi tí orí ọta bá wọlé dé gbọ́dọ̀ dọ́gba nínú gbogbo wọn. Bí ọ̀kan bá wọlé jù, agbára rẹ̀ lè ju ohun tí ìbọn lè gbà mọ́ra lọ. Ìdí nìyẹn tí ara ìyàwó wọn kò fi balẹ̀, torí ọwọ́ ọ̀tún Bàbá ti ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Wọ́n jọ fẹnu kò pé bí ọwọ́ náà kò bá ṣeé gbára lé mọ́, Bàbá á ta gbogbo irinṣẹ́ yẹn. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò ni wọ́n ní kí n wá irin ìwọ̀n tí yóò dá ẹjọ́ náà.

O mọ̀ mí, n kì í kánjú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi yẹ irin wò. Mo kọ àwọn tí nọ́ńbà ojú wọn kì í padà sí òdo bó ṣe yẹ sílẹ̀, mo wá mú ọ̀kan tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì ń ṣí, tó ń pa dé, bí ẹ̀mú akàn. Láti Castle Hill, níbi tí mò ń gbé, ni mo ti gbé e lé itan nínú ọkọ̀ ojú irin, bí ẹni gbé ẹyin.

Mo wọn ọta mẹ́wàá, láti ìdí dé ṣóńṣó orí. Kò sí méjì tó dọ́gba.

Ìyàwó wọn dúró lórí àtẹ̀gùn. “Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí ni irin wí?”

“Wọn ò dọ́gba, mà,” ni mo fèsì. “Ó jọ pé ọwọ́ ni.”

“Irin yìí,” Bàbá wí, “àbí ará ilé ìyàwó mi ni?”

Bàbá wo ọwọ́ ọ̀tún wọn, wọ́n sì tì í bọ àpò. “Ẹni tó kàwé ti wí i,” ni wọ́n sọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì kó èèpo idẹ sínú ike. Mo ti fi “ó jọ pé” ṣáájú ọ̀rọ̀ mi, lójú ara mi mo ti ṣọ́ra. Àmọ́ nínú ilé yẹn, “ó jọ pé” tó bá ti ẹnu ẹni tó gboyè jáde, ìdájọ́ ni.

Bí mo ṣe ń bá wọn palẹ̀ mọ́, mo kàn fi irin náà kan àwọn orí ọta tó ṣì wà nínú páálí, tí ọwọ́ Bàbá kò tíì kàn rárá. Àwọn náà ò dọ́gba. Òjé rírọ̀ ni ṣóńṣó wọn, bó ṣe wù ú ló ṣe jáde láti ilé iṣẹ́. Èjìká wọn, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sanra, ló dọ́gba, èjìká náà ló sì ń pàdé ihò ìbọn, òun ló ń fi ibi tí orí ọta wọlé dé hàn. Mo rántí òrùka irin kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ ẹnu irin ìwọ̀n kó lè jókòó lé èjìká ọta. Mo ti rí i nígbà tí mò ń ṣà; mo fojú fò ó, mo rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Mo kúnlẹ̀. “Bàbá, ẹ má bínú, sà. Ṣóńṣó orí ni mo wọ̀n. Èjìká ló yẹ kí n wọ̀n.”

Bàbá bi mí: “Bí mo bá dé fìlà gíga, mo ti ga jù ọ́ lọ nìyẹn?”

“Fìlà ò kàn mí,” ìyàwó wọn ké láti òkè. “Ẹ tún un wọ̀n!”

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé òrùka náà dé. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá dọ́gba débi pé nọ́ńbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira. Méjì wọlé jù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún méjì yẹn wọ̀n, mo ń fẹ́ kí irin yí ọ̀rọ̀ padà, èmi tí mo máa ń sọ pé n kì í bẹ nọ́ńbà. Irin kò yí i padà. Bàbá na ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn, wọ́n mú méjèèjì kúrò láàárín àwọn yòókù.

“Mẹ́jọ yẹn, ẹ fẹ̀sùn èké kàn mí ni,” ni wọ́n wí. “Méjì yìí, tèmi ni.”

Ìyàwó wọn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbé awò ojú wọn wọ̀, wọ́n wo méjì náà dáadáa. Mo rò pé ó ti parí, pé títa irinṣẹ́ ló kù. Àmọ́ wọ́n fa àga kan síwájú irin ìtẹ̀. “Ẹ sún,” ni wọ́n wí fún ọkọ wọn. “Ẹ fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ẹ máa wọ̀n.”

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é títí dòní nìyẹn. Níbi iṣẹ́ mi nísinsìnyí, bí nọ́ńbà bá tú ká, mo máa ń bi ara mi léèrè ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n kí n tó wá ọwọ́ ẹni tó gbọ̀n. Ẹ̀kọ́ kékeré nìyẹn, mo lè kà á nínú ìwé. Èyí tí n kò lè kà nínú ìwé ni pé mo fẹ́ fún àgbà yẹn ní ìtùnú pé wọn ò jẹ̀bi ohunkóhun, wọn ò sì gbà á. Wọ́n mú iye tó jẹ́ tiwọn, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ fún èmi àti irin mi.