Ọjọ́ Tí A Lọ Wo Rósà Níbi Tí Àwọn Erin Ti Ń Sinmi

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí a gbéra ní Soundview, ní apá Bronx nílùú New York. Òtútù oṣù kẹwàá ti mú débi pé èéfín ń jáde lẹ́nu wa bí a bá sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ti Bàbá Ramón jáde lórí kẹ̀kẹ́ aláìlera rẹ̀, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì bò ó lẹ́sẹ̀. Bùọ̀dá Kàmọ́rù tó ni ọkọ̀ sọ pèpéle irin tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ kalẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ lè gun orí rẹ̀. Mílà, ọmọ Bàbá, dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Pápákọ̀ òfurufú tó wà nítòsí àdúgbò Jamaica, nílùú New York náà, ló ti ń ṣiṣẹ́, wọn ò sì fún un láyè lọ́jọ́ náà. Ó fẹnu ko bàbá rẹ̀ lórí, ó wá yíjú sí mi.

"Antí, ẹ bá mi wò ó bóyá ó máa dá Pàpá mọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń béèrè nìyẹn."

Ẹni tí Mílà ń wí pé bóyá ó máa dá a mọ̀ kì í ṣe ènìyàn. Erin ni, Rósà lorúkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ni mò ń ṣe níbí, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti wà lọ́dọ̀ Bàbá Ramón. Ará Puerto Rico ni. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ pé. Ó wà lára àwọn tó ń sin òrìṣà lọ́nà tiwọn níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Lukumí, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní Iyá, bí àwọn ṣe ń pe ìyá. Nígbà tó ṣì lágbára, sákọ́ọ̀sì ló ti ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ sákọ́ọ̀sì, eré ni, tí wọ́n ń gbé kiri láti ìlú dé ìlú lábẹ́ àgọ́ ńlá, níbi tí ènìyàn ti ń rìn lórí okùn, tí ẹranko sì ń jó. Bàbá ló ń bọ́ Rósà, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun náà ló ń fi ẹ̀wọ̀n dè é mọ́lẹ̀ lálaalẹ́ bí eré bá parí. Nígbà tí sákọ́ọ̀sì náà kò lo erin mọ́, wọ́n gbé Rósà lọ sí ibùgbé kan tí wọ́n ṣe fún àwọn erin tó ti fẹ̀yìntì, ní àárín òkè ní Pennsylvania. Àlejò kì í wọ ibẹ̀. Mílà bẹ̀ wọ́n lórí fóònù títí wọ́n fi gbà, torí pé bí oṣù bá parí, wọn yóò gbé Bàbá lọ sí ilé àwọn arúgbó, kò sì dájú pé yóò tún rìn jìnnà mọ́. Àdéhùn kan ni wọ́n bá wa ṣe: Bàbá kò gbọdọ̀ pe Rósà. Bó bá wù ú, yóò wá fúnra rẹ̀. Bí kò bá wù ú, kí a máa padà lọ.

Erin-Ọ̀ṣun ni wọ́n ti bí mi. Orúkọ erin la fi ń pe ìlú wa, Elérin la ń pe ọba wa, ṣùgbọ́n n kò mọ ẹnì kan nínú ẹbí mi tó fi ojú ara rẹ̀ rí erin. Bùọ̀dá Kàmọ́rù, ọmọ Ìbàdàn tó ń gbé ní àdúgbò University Heights ní Bronx bíi tèmi, mọ èyí, kò sì jẹ́ kí n sinmi.

"Antí, ẹ ò mú nǹkan kan lọ fún ẹbí yín?"

"Ẹbí wo?"

"Ẹbí yín tí à ń lọ kí. Bí wọ́n bá béèrè ará ilé, kí lẹ máa sọ?"

"Mo máa sọ pé gbogbo wọn wà. Mo máa sọ pé ará Ìbàdàn kan ló gbé mi wá, ojo ni, inú ọkọ̀ ló jókòó sí."

"Èyí tó jẹ́ òótọ́ lẹ sọ yẹn. Mi ò ní sọ̀kalẹ̀ rárá."

A gba orí afárá ńlá kọjá sí New Jersey, ilẹ̀ wá ń mọ́ lẹ́yìn wa. Lẹ́yìn ìlú, òkè ló kù, àti igi. Ewé igi níbí máa ń pọ́n kó tó jábọ́, òmíràn pọ́n bí epo, òmíràn sì dà bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹ̀gà nínú oòrùn. Ọ̀nà náà dán, kò ní kòtò. Ohun tó ṣe mí ní kàyéfì ni pé kò sí ẹni tó ń ta nǹkan kan lẹ́bàá ọ̀nà. Nílé, bí o bá rí àwọn tó ń ta iṣu tàbí ọsàn, o ti mọ ìlú tí o dé. Níbí, ilé epo kan náà ni, pátákó orúkọ kan náà, o ò lè mọ̀ bóyá o ti rìn tàbí o ò tíì rìn. A yà sí ọ̀kan nínú wọn. Dọ́là mẹ́rin ni ife kọfí kan, kò sì dùn. Mo fún Bàbá ní ìrẹsì àti ẹ̀wà tí mo ti bù sínú fìláàsì, ṣùgbọ́n síbí mélòó kan ló gbà.

"Iyá," ó ní, "fá irùngbọ̀n mi. Kò mọ̀ mí pẹ̀lú irùngbọ̀n."

Mo bu omi gbígbóná, mo fá a nínú ọkọ̀ níbẹ̀. Ó di ojú pa. Ó ń sọ̀rọ̀ Rósà bí mo ṣe ń fá a, pé kì í jẹ búrẹ́dì tó ti le, pé ó bẹ̀rù àrá. Nígbà mìíràn ó ń pè é ní ayanakú. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àjànàkú wa náà ló ń wí.

Ọ̀sán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n nígbà tí a dé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Kárìn ló ṣí géètì fún wa, irun rẹ̀ ti funfun, ó wọ bàtà rọ́bà tó dé orúnkún. Ó ní kí a fi nǹkan bo imú, ó sì ní kí a fi bàtà tẹ omi apakòkòrò kan kọjá, kí a sì ti kẹ̀kẹ́ Bàbá náà gba inú rẹ̀, torí pé ikọ́ ènìyàn lè ran erin. Bùọ̀dá Kàmọ́rù dúró sínú ọkọ̀ bó ṣe ṣèlérí.

Erin márùn-ún ló wà níbẹ̀, abo ni gbogbo wọn, àgbà sì ni wọ́n. Ilé wọn ga ju ilé ìjọsìn wa lọ. Iyanrìn ni wọ́n dà sílẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì kó o jọ bí òkìtì lápá kan kí àwọn tí orúnkún ń dùn lè fara tì í sùn. Kárìn ní ẹsẹ̀ ló ń pa àwọn erin sákọ́ọ̀sì. Wọ́n ti dúró lórí sìmẹ́ńtì àti nínú ọkọ̀ ẹrù fún ọ̀pọ̀ ọdún, èékánná wọn á là, á sì máa jẹrà. Láràárọ̀ wọ́n ń ri ẹsẹ̀ wọn bọ inú omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́rọ́. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Béllà, ojú rẹ̀ kan ti fọ́, tó gbé ẹsẹ̀ gba inú fèrèsé irin sínú báàfù, tí ọ̀dọ́bìnrin kan sì ń fi ayùn kékeré ha awọ tó ti kú kúrò lábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún Bàbá láràárọ̀ náà ni. Ní ilé wa, ọmọ-ọmọ ló ń fọ ẹsẹ̀ àgbà. Níbí, àjèjì ló ń fọ ti ènìyàn, àjèjì náà ló ń fọ ti erin.

Kárìn ní, "A kì í pàṣẹ fún wọn. Bó bá sú ọ̀kan nínú wọn, ó máa gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó máa lọ."

Ó mú wa jáde sí ẹ̀yìn ilé, níbi ọgbà irin kan. Irin náà nípọn bí itan mi, àyè wà láàárín wọn tí ọwọ́ lè gbà kọjá. Rósà wà lọ́ọ̀ọ́kán lábẹ́ igi, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Awọ rẹ̀ hunjọ bí aṣọ tí wọn ò lọ̀. Ó ń fi ọwọ́ọ̀jà rẹ̀, ìyẹn imú gígùn tó ń lò bí ọwọ́, ṣa koríko, ó sì ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù kó tó jẹ ẹ́.

Bàbá ń wò ó. A dúró, a dúró, atẹ́gùn ń fẹ́ lù wá. Rósà kò yíjú. Ó tiẹ̀ tún rìn jìnnà sí i.

"Ó lè má wá lónìí," Kárìn sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Bàbá mú nǹkan tó bo imú rẹ̀ kúrò. Kí n tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti súfèé lẹ́ẹ̀kan, kúkúrú.

Etí Rósà méjèèjì là. Koríko bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yípo, ó sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa kíákíá, ohun tó tóbi tó yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì dún. Inú mi dùn, n kò lè purọ́. Kárìn nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn. Rósà na ọwọ́ọ̀jà gba àárín irin, ó fi fọwọ́ kan àgbọ̀n Bàbá, ó fi wọ inú kọ́là ẹ̀wù rẹ̀, ó ń mí sí i lára. Ohùn kan ń ti inú rẹ̀ wá bí ẹ̀rọ tó ń lọ ata, mo gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀ kí n tó gbọ́ ọ létí. Bàbá ń sọ pé, "Mi reina, mi reina," ìyẹn ọbabìnrin mi, ní èdè Sípéènì. Omi ń dà lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Rósà yí ẹ̀gbẹ́ sí wa, ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì sókè lẹ́bàá irin, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

"Kí ló fẹ́?" mo béèrè.

"Ó ń dúró de ẹ̀wọ̀n," Kárìn dáhùn.

Bàbá ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi rí. Bí eré bá parí, yóò súfèé, Rósà yóò wá gbé ẹsẹ̀ yẹn fún un, yóò de ẹ̀wọ̀n mọ́ ọn, yóò sì gbá a lẹ́ẹ̀mejì ní ọrùn ẹsẹ̀ kó lè mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ti wọlé. Mo rí ibẹ̀ lára rẹ̀, òrùka kan tí irun kò hù sí. Mo sì rí ọwọ́ òsì Bàbá tó gba àárín irin kọjá, tó gbá ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. N kò rò pé ó mọ̀ pé òun ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é.

Rósà sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ó tẹ orí ba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún, fì sósì, lójú kan náà. Kárìn ju elégédé kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò jìnnà. Rósà na ọwọ́ọ̀jà sí i, kò tó o. Ìṣísẹ̀ kan péré ló kù, kò gbé e. Ó ká ọwọ́ọ̀jà rẹ̀ padà, ó ń fì lọ. Béllà wá, ó fọwọ́ kàn án lẹ́nu, kò kúrò. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi ní àgbò kan tó ń so mọ́ igi. Nígbà tí wọ́n tú okùn rẹ̀, ojú ibi tí okùn rẹ̀ máa ń tó náà ló ń yípo. Mo máa ń fi rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Kárìn ní, "Ó ti tó ọdún méjì tí kò ti ṣe èyí mọ́."

"Báwo lẹ ṣe mú un jáwọ́?"

"A kò mú un jáwọ́. A kàn dúró tì í títí. Ó pẹ́ gan-an."

Bàbá ń wo Rósà. "Nígbà tí ẹ ní kí n má pè é," ó sọ fún Kárìn, "mo rò pé ẹ̀ ń jowú mi ni." Lẹ́yìn náà ó ní, "Iyá, tì mí sún mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń tú ẹ̀wọ̀n náà."

Ọwọ́ ọ̀tún Bàbá kò ṣiṣẹ́. Àlejò kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan erin níbẹ̀. Mo wo Kárìn. Ó wo Rósà, ó wá mi orí pé kí n ṣe é.

Mo fi ọwọ́ mi gbé ọwọ́ ọ̀tún Bàbá, mo tì í bọ àárín irin. Ara erin gbóná, ó le bí èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, irun rẹ̀ ń gún ni bí ìgbálẹ̀. Bàbá ń sọ ọ́ fún mi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: tẹ ibí, yí i, fà á, jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, mo fi yí i, mo fi fà á. Ẹ̀wọ̀n kankan kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì tú u délẹ̀. Bàbá wá na ọwọ́ òsì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a ní itan. "Anda," ó ní. Ìyẹn ni pé, máa lọ.

Rósà dákẹ́ fífì. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró, ó tún gbé òmíràn. Ó tẹ elégédé náà fọ́, ó jẹ ẹ́. Òun àti Béllà sì jọ rìn lọ sínú igi, kò bojú wẹ̀yìn.

"Gbé mi lọ kí Rósà tó gbọ́ ohùn mi," ni Bàbá wí. Ikọ́ fẹ́ gbé e. Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí ẹnu títí a fi wọ ọkọ̀ tí a sì ti ilẹ̀kùn.

Bùọ̀dá Kàmọ́rù ti rí díẹ̀ láti ojú fèrèsé. "Antí, mo rí bó ṣe ń sáré bọ̀. Ẹ sọ fún Bàbá pé mo kí wọn kú oríire. Ẹranko yẹn ò gbàgbé wọn."

Mo sọ fún Bàbá pé Bùọ̀dá kí i. N kò túmọ̀ ìyókù. Ojú ọ̀nà tí a gbà lọ náà la gbà bọ̀ títí a fi rí iná New York.

Mílà ti wà nílé. Kò jẹ́ kí a bọ́ ẹ̀wù òtútù kó tó béèrè. "Pàpá, ṣé ó dá yín mọ̀?"

"Rárá," Bàbá dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó ti gbàgbé mi pátápátá. Kò tiẹ̀ wò mí."

Ojú Mílà kún fún omi. Ó dì mọ́ ọn lọ́rùn, ó wò mí láti orí èjìká rẹ̀. "Antí?"

Mo sọ fún un pé ara Rósà le, pé ó ń jẹun, pé ó ní ọ̀rẹ́ tó ń bá a rìn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Àwa tí à ń gbé lẹ́yìn odi máa ń bẹ̀rù kí wọ́n má gbàgbé wa nílé. Èmi náà ń bẹ̀rù rẹ̀, mo sì rò pé kò sí ohun tó lè dun arúgbó jù ú lọ. Ìrìn àjò yìí ló kọ́ mi pé ìfẹ́ wà tó jẹ́ pé ìgbàgbé ló ń tọrọ.

Nígbà tí mo gbé Bàbá sórí ibùsùn, tí mo fẹ́ máa lọ sílé mi, ó di ọwọ́ mi mú.

"Iyá, ṣé o rò pé ó ti gbàgbé báyìí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.