Òkè Mápó, Ìyípo Kẹrin

Òórùn òrí àti gírísì ni mo fi ń rántí àárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá wa jókòó sórí àpótí láàárín agbo ilé wa ní Ìdí Arẹrẹ, ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi Gàníyù lé itan, ó ń fi òrí ra á láti orúnkún dé kókósẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Kẹ̀kẹ́ náà wà nítòsí wọn, a ti dojú rẹ̀ kọlẹ̀, ṣéènì rẹ̀ ń dán. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Bùọ̀dá Gàní jẹ́ ẹni ọdún méjìlélógún, ẹnu ọ̀nà ilé wa ló ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe fún gbogbo àdúgbò.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ìdíje eré kẹ̀kẹ́ tó fẹ́ bá wọn sá, ọ̀nà rẹ̀ kò sì jáde kúrò nínú Ìbàdàn àtijọ́. Iwájú gbọ̀ngàn Mápó ni wọ́n ti máa gbéra. Wọ́n á dà wálẹ̀ sí Ọjà'ba, níbi tí àwọn ọlọ́jà ti kó igbá wọn kúrò lójú títì. Wọ́n á kan Bẹyẹrúnkà, wọ́n á yí bọ̀ sí Ìdí Arẹrẹ, wọ́n á gba Pópó Yemọja já sí Oníyanrìn, kí wọ́n tó yọ sí Bẹ́ẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ni ìyà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí òkè Mápó ló kù. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ẹsẹ̀ gùn ún rí pẹ̀lú ẹrù lórí mọ̀ pé kì í ṣe òkè tí à ń bá ṣeré. Ìyípo mẹ́rin sì ni. Ìyá wa kìlọ̀ fún un pé kí ó má fi agbára ìyípo kẹrin jẹ àkọ́kọ́. "Ẹni tó bá sáré wọ ọjà," ó ní, "ìwọ́lẹ̀ ni yóò wọ́ délé."

Kì í ṣe nítorí ife-ẹ̀yẹ ni Bùọ̀dá Gàní ṣe forúkọ sílẹ̀. Ó fẹ́ fẹ́ Ṣadé, ọmọ akọ̀wé kóòtù kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ òkè bí a bá ti Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ń bọ̀. Bàbá Ṣadé kò fẹ́ àna tó ń lẹ táyà. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, tí à ń pè ní Ìyá Àgbà, lọ bá a lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá náà ní òun gbọ́ pé ọmọ wọn fẹ́ bá wọn sáré yí Mápó ká. Bí ó bá gba ipò kìn-ín-ní, kí wọ́n wá tọrọ ọmọ. Bí kò bá gbà á, kí wọ́n jókòó sílé wọn. Ìyá Àgbà padà wálé, ó ní bàbá náà kúkú rí i pé a ò ní mọ́tò ló ṣe ní kí á fi kẹ̀kẹ́ wá ìyàwó.

Òdìkejì ilé Bàbá Ṣadé ni mo lọ dúró. Ní ìyípo àkọ́kọ́, Bùọ̀dá Gàní wà ní ipò kẹfà. Ní ìkejì, ó ti di ẹnì kẹta. Ní ìkẹta, òun àti ọmọkùnrin kan láti Òkè-Àdó ni wọ́n jọ wà níwájú. Ní gbogbo àkókò yìí, ilẹ̀kùn ilé náà wà ní títì.

Ní ìyípo kẹrin, Bàbá Ṣadé gbé àga jáde, ó jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi yọ láti Bẹ́ẹ̀rẹ̀, òun nìkan. Ọmọ Òkè-Àdó ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ìwọ̀n òpó iná mẹ́ta. Orí Bùọ̀dá Gàní dojú kọlẹ̀, kò wo ibì kankan. Mo rò pé bí ó bá mọ ẹni tó ń wo òun, yóò tẹ̀ ẹ́ sí i. Mo fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, mo kígbe: "Bùọ̀dá, Bàbá Ṣadé rèé o."

Nínú ilé wa, bí wọ́n bá sọ fún ọmọ pé lágbájá rèé, ìkíni ni wọ́n ń rán an létí. A kì í sì í jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kí àgbà. Bàbá wa máa ń sọ pé ẹni tó bá kí òun látorí kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ ló kí òun. Bùọ̀dá Gàní gbé orí sókè, ó rí bàbá náà, ó fa bíréèkì. Ó sọ̀kalẹ̀, ó gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí ọ̀dà títì tó ti gbóná.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀, bàbá."

Ọmọ Òkè-Àdó kọjá lára rẹ̀ níbi tó nà sí. "Bá mi kí wọn o," ló wí, kò sì dẹsẹ̀ dúró. Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi béèrè bóyá àna ni wọ́n fi ṣe bíréèkì kẹ̀kẹ́ yẹn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dìde, kẹ̀kẹ́ kọ̀ láti gbéra lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó tì í gòkè, ipò keje ló gbà.

Ìyá Àgbà tún lọ, ó ní ọ̀wọ̀ tí ọmọ náà bù fún wọn ló jẹ́ kí ó pàdánù. Bàbá Ṣadé fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Ó kí mi, mo sì jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni a jọ sọ." Kí ọdún tó parí, Ṣadé ti lọ sílé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ní agbo ilé wa, wọ́n ń yin Bùọ̀dá Gàní pé ó mọ àgbà. Òun kì í dá sí i. Nínú ariwo ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kígbe, èmi náà kò sì sọ. Ìṣirò tí mo ṣe lọ́mọdé kò lọ́jú pọ̀: mo kígbe, ó sọ̀kalẹ̀, Ṣadé lọ. Mo gbé e dàgbà.

Ìyàwó mi Mojí kú lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ní àyà ń fún òun. Mo ní kí a jẹ́ kí oòrùn rọlẹ̀ díẹ̀ kí a tó lọ sí ọsibítù. Ó lọ dùbúlẹ̀, kò dìde mọ́. Ní ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí àwọn àlejò ti lọ, mo sọ fún Bùọ̀dá Gàní pé ẹnu mi yìí ló pa á, bí ó ṣe jẹ́ pé ẹnu kan náà ló gba Ṣadé lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ ọ́ jáde pé èmi ni mo kígbe.

Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, ọ̀pá ló fi ń rìn.

"N ò gbọ́ ohùn ẹ lọ́jọ́ náà rárá," ó ní. "Ẹsẹ̀ mi ló kú. Mo ń wá ibi tí n óò ti sọ̀ tí ojú ò ní tì mí, mo bá rí bàbá yẹn."

Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó sì lè jẹ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n ń sọ fún àbúrò tó ń ṣọ̀fọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo jẹ́ nígbà náà ìbá bi í pé, kí ló wá mú kí ẹ gbé orí sókè? Kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí yóò fi gbọ́ èsì. Èmi tí mo ti lé ní àádọ́rin ọdún kò bi í. Mo gbà á bí ó ṣe fi fún mi.