Kí Ni Àṣẹ?

Hóró oògùn kan ni mò ń lò láràárọ̀, lẹ́yìn tí mo bá ti mu ẹ̀kọ. Kọ́ọ̀pù tí ìyàwó mi fi sílẹ̀ lọ ni mo fi ń mu omi rẹ̀.

Inú mi ló kọ́kọ́ wú lápá òsì, níbi tí ọlọ inú wà, tí ṣòkòtò kò fi yí mi ká mọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò ní Kútọnu, dókítà ní àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Ó ní apilẹ̀-àbùdá, ìyẹn ohun tí ara fi ń mọ iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe, méjì nínú rẹ̀ ló já, tí wọ́n sì lẹ̀ pọ̀ níbi tí kò yẹ. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni wọ́n ń pè ní kínáàsì. Lára tó dá, kínáàsì a máa pàṣẹ fún ẹ̀jẹ̀ pé kó pọ̀ sí i, a sì máa dákẹ́ bó bá tó. Tèmi ò mọ ìgbà tí à ń dákẹ́. Oògùn yìí ló ń dí i lẹ́nu. Bí mo bá dá a dúró, yóò tún bẹ̀rẹ̀.

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó wọ ilé ìwé alẹ́. Mo ní kí dókítà tún un sọ. Ó tún un sọ, ó sì yé mi.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, inú mi tó wú ti lọ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gun ọ̀kadà láti Idigny wá kí mi.

"Ọlọ inú rẹ ti lọ," ó wí. "Fún mi nínú oògùn yẹn. Ti àbúrò ọkọ mi ṣì wú."

Lọ́dọ̀ wa, a kì í fi oògùn tó bá jẹ́ du ara wa. Ṣùgbọ́n bí mo bá pín in, tèmi kò ní tó.

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe gbogbo ọlọ ló ń wò. Kínáàsì ló ń bá jà."

"Kí ni àṣẹ?"

"Kínáàsì."

"Mo gbọ́. Mo ní kí ni àṣẹ náà? Ta ló pa á?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti sọ ọ́ dáa ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ.

"Ohun tí dókítà bi ẹ̀jẹ̀ mi nìyẹn. Ẹ ò tíì bi ẹ̀jẹ̀ àbúrò ọkọ yín. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló ń pàṣẹ níbẹ̀, ẹnu ta ni oògùn tèmi fẹ́ dí?"

Ó wò mí. "Ilé ìwé alẹ́ ti bà ọ́ jẹ́. Ìyàwó rẹ ì bá wà níbí kó gbọ́ bí o ṣe ń sọ̀rọ̀."

Ó mú àbúrò ọkọ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ibà tó ti pẹ́ lára ni wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n sì fún un ní oògùn ibà. Ẹ̀gbọ́n mi padà wá sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ibà ló ń pàṣẹ tiwọn," ó wí. "Ṣé o ti lo oògùn tìrẹ?"

Mo na kọ́ọ̀pù sí i. Ó bu omi kún un.