Nítorí Ìka Méjì

Nígbà tí àwo orin rọ́ọ̀kù àti búlúùsì gbòde, iyàn pé ta ni ọ̀gá onígìtá kì í tán ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Bẹẹrẹ. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ onígìtá jùjú ní kí wọ́n ka àwọn tiwa mọ́ ọn. Àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ nìkan ni àwọn onígìtá jùjú sì fi ń ta gìtá.

Télọ̀ náà rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, ìka méjì la fi ń bu aáṣáà. Ẹ fi gìtá sílẹ̀ fáwọn tó ní ìka márùn-ún."

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á ta á kí wọ́n gbọ́. Wọ́n yí ohùn giramafóònù sókè.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọmọ lórúkọ, giramafóònù ló háyà. Gìtá rẹ̀ wà lókè àjà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù yẹn ò gbọ́ ọ rí, síbẹ̀ àwọn ló pa á lẹ́nu mọ́. Ó ṣì ń bí mi nínú.