Èédú Tí Mo Gbá Dànù

Òórùn èédú tí òjò pa ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nínú oko iṣu yẹn, lójú ọ̀nà tó ti Ìlá lọ sí Ọ̀rà. Ibẹ̀ ni àwọn ará àtijọ́ ti ń yọ́ irin. Òkìtì ìdàrọ́, ìyẹn pàǹtírí irin yíyọ́, ṣì wà níbẹ̀, ó dúdú, ó wúwo. Olùkọ́ kan láti yunifásítì ní kí àwa ará ìlú wá bá òun walẹ̀, mo sì yọ̀ǹda ara mi. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi lóṣòó, tí mo ń rọra họ ilẹ̀ bí ẹni tó ń họ ìdí ìkòkò. Títí di òní, bí òjò bá ti ṣú báyìí, ẹ̀yìn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí.

Bàbá tó ni oko náà, arúgbó alágbẹ̀dẹ, gbà fún wa nítorí ohun kan ṣoṣo. Ó ní, "Ẹ ṣáà bá mi wádìí ìgbà tí àwọn baba mi dáná yìí, kí n tó lọ bá wọn."

Nígbà tó ku ọ̀la kí iṣẹ́ parí, a kan ìsàlẹ̀ ìléru. Èédú wẹ́wẹ́ wà ní ìdí rẹ̀, ìyẹn nìkan ni èédú tó dájú pé ti iná àtijọ́ ni. Olùkọ́ ní inú èédú yẹn ni wọn yóò ti mọ ọjọ́ orí iná náà, òun yóò kó o láàárọ̀. Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Mo ti lọ fọ asẹ́ lódò.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dé lọ́jọ́ kejì. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: obìnrin kì í jí bá ilẹ̀ tó dọ̀tí kó jókòó tì í. Mo gbá ìdí ìléru náà mọ́ tónítóní, mo da ìdọ̀tí rẹ̀ síbi tí a ti sun iṣu lánàá.

"Ta ló gbálẹ̀ ibí?" Ohùn olùkọ́ ti yí padà.

"Èmi ni." Ọpẹ́ ni mo ń retí.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Háà, mà! Ó ti dà pọ̀ mọ́ èédú àná. Kò ṣe é lò mọ́."

Bàbá wò mí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó onímọ̀ọ́tótó! Ó gbá àwọn baba mi mọ́ eérú iṣu sísun."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá."

"Dìde, ọmọ mi. Mo kúkú ń lọ bá wọn. N ó bi wọ́n fúnra mi."

Bàbá lọ bá wọn kí iṣu tuntun tó jáde. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé àìbìkítà nìkan ní í ba nǹkan jẹ́. Nínú ìwé tí olùkọ́ náà tẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé a kò mọ ìgbà tí wọ́n dá iná náà. Ẹni tó bá kà á yóò rò pé ó ti pẹ́ jù ni. Èmi mọ̀ pé àárọ̀ ọjọ́ kan péré ló sọnù, àti pé ọwọ́ tó pa á rẹ́ kì í ṣe ọwọ́ ọ̀lẹ.